Ihò Ìbọn Ń Fẹ̀, Ara Ìbọn Ń Fẹ́lẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpéjọ àyájọ́ ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa alukoro sọ̀rọ̀ lónìí, ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni pé a ó ka iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ti ṣe láti ọdún mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìrántí yìí pẹ̀lú àwòrán, ẹ óò kà á nílé. Ẹ óò rí kànga ẹ̀rọ tí a gbẹ́ sí ẹ̀bá ọjà, ẹ óò rí àga àti tábìlì tí a fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ihò mìíràn wà tí ẹgbẹ́ yìí gbẹ́ tí kò sí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé. Inú irin la gbẹ́ ẹ sí. Òun la fẹ́ bá yín sọ.

Àwa tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ báǹkì mọ̀ pé ìwé ìṣirò ọdún mẹ́wàá tí kò ní gbèsè kankan nínú, ẹni tó kọ ọ́ ló fi nǹkan pa mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti gbọ́ ọ ní ìgbọ́kúgbọ̀ọ́. Ó sàn kí ẹgbẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ní ọdún kẹjọ ẹgbẹ́ wa, nígbà tí Iléyá kù bí oṣù méjì, a jókòó ìpàdé lórí bí a ó ṣe jáde ní Ojúde Ọba. Aṣọ ti wà, fìlà ti wà, onílù ti gba àsansílẹ̀. Ẹnìkan dìde, ó ní, "Aṣọ wa máa ń dára lọ́dọọdún, àmọ́ kò sí ẹni tó ń gbọ́ pé a ń bọ̀." Gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá ti dúró ní Ojúde Ọba rí ní ọjọ́ kẹta Iléyá, yóò mọ̀ pé ojú nìkan kọ́ la fi ń wo ayẹyẹ náà. Bí àwọn ìdílé Balógun bá ń bọ̀ lórí ẹṣin, ìró ìbọn ló ń ṣáájú wọn. Àyà á lù kì, ẹṣin á ta, àwọn ọmọdé á fi ìka di etí, síbẹ̀ inú gbogbo ayé á máa dùn. Tiwọn nìyẹn. Ogún ìdílé jagunjagun ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe láti ìran dé ìran. Tiwa kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú wa wọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ wa kan dá wa lóhùn pé, "Ẹ má wulẹ̀ háyà ìbọn. Ìbọn wà ní àjà ilé wa." A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó jókòó láàárín yín báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a sọ̀rọ̀ yìí.

Ìbọn ogun àtijọ́ ni. Ó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó wúwo, igi ìdí rẹ̀ ti dúdú bí ìsaasùn. Níbi ìdí ọ̀pá rẹ̀, irin kan wà tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí ìdérí. Ìdílé wọn ń pè é ní Sínáídà, wọ́n sì ní bàbá àgbà wọn gbé e lọ sí ogun Ìmàgbọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín kẹ́yìn. Nígbà tí a fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ bí ẹyín tó kẹ̀.

A gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ. Bàbá àgbàlagbà ni. Ó fi ojú kan wo inú ọ̀pá náà, ó fi òòlù kékeré kan ara rẹ̀, ó tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, irin yìí ti fẹ́lẹ́. Ẹ lọ gbé e kọ́ sára ògiri." A ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbẹ́ inú rẹ̀ kí ìpẹtà náà lè kúrò. Ẹ jẹ́ kí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i, kó lè gba ẹ̀tù, kó lè dún. Ẹ sì bá wa fi iná jó ìdérí ẹ̀yìn yẹn pa, ẹnu la ó máa gbà kì í." Bàbá mi orí. Ó ní, "Irin kì í ṣe irun. Bí ẹ bá gé e, kì í hù padà." A fi owó kún owó. A tún fi kún un. Bàbá ní ẹnu tó ń bọ́, oṣù náà kò sì rọgbọ. Ó gbà á.

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwa la ní ohun tí a fẹ́ fà yọ, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́, àwọn kan nínú wa fẹ́ di ẹ̀bi ru Bàbá. Ẹ jẹ́ kó wọ inú àkọsílẹ̀ lónìí: Bàbá kìlọ̀, àwa la fi owó dí i lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá tó dé, a gbé ìbọn náà lọ sí oko ọ̀kan nínú wa láti dán an wò. Ẹ̀ẹ̀kíní dún. Ẹ̀ẹ̀kejì dún, a pariwo, a bọ ara wa lọ́wọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnìkan ní ìró rẹ̀ kò tíì tó ti àwọn ẹlẹ́ṣin, kí a fi ẹ̀tù kún un. A fi kún un. Ọ̀rẹ́ wa gbé e, ó yìn ín.

Ọ̀pá ìbọn là gbooro. Ìdérí tí a jó pa já kúrò, ó fò kọjá lẹ́bàá etí Akápò wa, ó lọ kọ́ sára ọ̀pẹ. Ó wà níbẹ̀ dòní. Ìka méjì lọ ní ọwọ́ òsì ọ̀rẹ́ wa. Ẹni tó jókòó tì yín yìí, télọ̀ ni. Òun ló ń rán aṣọ ẹgbẹ́ wa láti ọdún kìíní. Ọwọ́ òsì yẹn ló fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

A kò jáde ní Ojúde Ọba lọ́dún yẹn. Ilé ìwòsàn la ti ṣe Iléyá. Owó tí a tọ́jú fún aṣọ àti ìlù, orí ìtọ́jú ọwọ́ ló lọ. Àwọn ọlọ́pàá bèèrè ìwé àṣẹ ìbọn náà, kò sí ìwé. Wọ́n kó àfọ́kù irin lọ, àwa náà sì lọ sàlàyé ẹnu wa kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ìtìjú tó bá wa lọ́jọ́ tí ìyàwó ọ̀rẹ́ wa bi wá pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ta ló ní kí ẹ ṣe é?", kò tíì kúrò lójú wa.

Lẹ́yìn èyí ni a tó wá ṣe ohun tó yẹ kí a ṣe ṣáájú: a bèèrè ìtàn ìbọn náà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń gbé ní Birmingham, ìlú tí wọ́n ti ń rọ ìbọn láti ìgbà láéláé, fi àwòrán tí a ti yà tẹ́lẹ̀ han ẹnìkan tó mọ̀ nípa ìbọn àtijọ́. Ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bèèrè ni àmì tó wà lára irin. A fẹ àwòrán náà lójú. Lẹ́tà mẹ́ta wà nínú òbìrí kan tó rí bí ẹyin, E, L, G, ìràwọ̀ kékeré sì wà lábẹ́ wọn. Àmì Liège nìyẹn, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Bẹ́ljíọ̀mù. Kì í ṣe Sínáídà rárá.

Sínáídà gan-an, ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní 1853 wọ́n ṣe ìbọn kan tí wọ́n ń pè ní Enfield. Ihò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 15, ẹnu ni wọ́n sì ń gbà kì í. Nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbọn tí a ń kì láti ẹ̀yìn, owó tí wọn ó fi ṣe tuntun pọ̀. Jacob Snider, ọmọ Amẹ́ríkà kan, dá ọgbọ́n kan: kí wọ́n má sọ ti àtijọ́ nù, kí wọ́n gé ìdí ọ̀pá rẹ̀, kí wọ́n fi ìdérí sí i. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1866. Ní 1867 àwọn Faransé ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní tabatière, ìyẹn àpótí aṣáà, nítorí bí ìdérí rẹ̀ ṣe ń ṣí. Ihò ti Faransé tóbi ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: mílímítà 17.8.

Kò pẹ́ tí ìbọn àpótí aṣáà fi di ògbólógbòó lọ́wọ́ ọmọ ogun. Àwọn oníṣòwò Liège rà wọ́n ní òpò. Wọ́n gbẹ́ ihò wọn kó fẹ̀ di ìwọ̀n ìbọn ọdẹ tí wọ́n ń pè ní twelve-bore, bíi mílímítà 18 àti ààbọ̀. Wọ́n wá ń tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú lókè òkun, wọ́n sì fún wọn lórúkọ Zulu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìran Zulu kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà ní àjà ilé ọ̀rẹ́ wa. Ìyẹn ni pé kí ìbọn yẹn tó dé Ìjẹ̀bú, wọ́n ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Àwa tún lọ gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí gbígbẹ́ yìí ń ṣe, nítorí ìṣirò ni, iṣẹ́ wa sì ni ìṣirò. Inú ọ̀pá ìbọn ogun, wọ́n máa ń gé ìlà yíyí sí i. Ìlà yìí ló ń mú kí ọta máa pòòyì bí òkòtó, kó sì lọ tààrà. Bí a bá gbẹ́ ihò náà, ìlà yẹn á parẹ́, ìbọn tó ń rí ọ̀kánkán tẹ́lẹ̀ á wá di aríwo lásán. Ìyẹn kò dùn wá, nítorí ariwo náà la ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyókù. Bí ihò bá fẹ̀ sí i ní mílímítà méjì, ẹ̀gbẹ́ irin ti pàdánù mílímítà kọ̀ọ̀kan yíká. Ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Nígbà kan náà, ojú tí iná ẹ̀tù ń tì ti gbòòrò. Ihò mílímítà 18, ẹ fi 18 lọ́nà 18, ó jẹ́ 324. Ihò mílímítà 20, ẹ fi 20 lọ́nà 20, ó jẹ́ 400. Ẹrù tó wà lórí ìdí ìbọn ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i, irin tí yóò ru ẹrù náà sì ti dín kù. Àwa tún wá fi ẹ̀tù kún un.

Ní báǹkì, bí oníṣòwò kan bá ń mú nínú owó ìpìlẹ̀ ọjà rẹ̀ láti fi ṣe fàájì, tó ń pè é ní èrè, a máa ń pè é jókòó. A máa ń sọ fún un pé, "Ọ̀gá, owó orí lẹ ń jẹ, èrè kọ́." Ohun tí a ṣe sí ìbọn yẹn nìyẹn. Ara rẹ̀ la gé fi ṣe ohùn rẹ̀.

Ẹ má rò pé gbígbẹ́ ihò ìbọn ògbólógbòó jẹ́ iṣẹ́ àwọn aláìmọ̀kan níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí fàájì wọn ni kí wọ́n ní ìbọn ogun àtijọ́, kí wọ́n sì máa yìn ín síbi àmì. Ìbọn Springfield tí àwọn ọmọ ogun wọn gbà ní 1903, bí ihò rẹ̀ bá ti jẹ, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọn máa ń gbẹ́ ẹ láti ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún íǹṣì sí ìdá 35, wọn á sì tún gé ìlà yíyí tuntun sí i. Ọta tí wọ́n ń lò fún un jáde ní 1922, orúkọ Townsend Whelen, ọ̀gá ológun tó jẹ́ òǹkọ̀wé nípa ìbọn, ni wọ́n fi pè é. Àgọ́ ọta ológun yẹn náà ni, ọrùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ̀. Ìbọn tí ìbá di àjókù á wá padà di ohun èlò ọdẹ tó lágbára. Ìyàtọ̀ tiwọn sí tiwa ni pé irin yẹn nípọn tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ irú irin tó jẹ́, wọ́n sì wọn ìwọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ kàn án.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Birmingham yìí kan náà, láti 1813 ni wọ́n ti ní ilé ìdánwò ìbọn. Gbogbo ọ̀pá ìbọn gbọ́dọ̀ gba irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá. Wọn á dì í mọ́lẹ̀ nínú yàrá tí ènìyàn kankan kò sí, wọn á kì í ní ẹ̀tù tó ju èyí tí yóò máa gbà lójoojúmọ́ lọ, wọn á yìn ín láti òkèèrè. Bí kò bá là, tí kò sì wú, wọn á fi àmì lù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá tún wá gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀, àmì yẹn ti kú. Ó di dandan kó padà lọ ṣe ìdánwò tuntun kó tó lè tà á. Liège náà ní tiwọn, ohun tí lẹ́tà mẹ́ta inú ẹyin yẹn ń sọ nìyẹn: a ti dán irin yìí wò. Ọjọ́ tí a fi abẹ kan inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà di irọ́. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ wa la wá fi ṣe ilé ìdánwò.

Ẹ óò bi wá pé kí ló wá fa ìfẹ́ ìbọn sínú wa tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni. Láti etí ọ̀sà ni ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá, àwọn bàbá wa ní Ìjẹ̀bú ló sì ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà náà. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìró ìbọn ló fún un lórúkọ Kírìjì. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ló kó ìbọn tí a ń kì láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, ojú Ìbàdàn sì rí nǹkan. Láti ìgbà náà ni orúkọ Sínáídà ti wọ inú ìtàn ìdílé. Gbogbo ìbọn tó bá ti ní ìdérí lẹ́yìn, Sínáídà ni.

Ní July 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ní kí wọ́n má ṣe ta ìbọn onílà yíyí fún ènìyàn dúdú ní àárín gbùngbùn Áfíríkà. Ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán, irú ṣakabùlà, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ìbọn tó ń dún gan-an ni wọ́n yọ̀ǹda, èyí tó ń bá ibi tí a wò ni wọ́n kó pa mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní May 1892, àwọn bàbá wa pàdé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìmàgbọn lẹ́bàá odò Yemoji. Akin ni wọ́n, wọ́n pọ̀ ju ọ̀tá lọ, ìbọn wọn sì dún. Ṣùgbọ́n ìbọn Maxim wà lọ́dọ̀ àwọn yẹn, èyí tó ń yọ ọta tó ju 500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí bí ariwo ṣe lè pọ̀ tó tí yóò dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró. Bí a bá fẹ́ rántí Ìmàgbọn dáadáa, ohun tó yẹ kí a rántí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ òfin kún un, nítorí a mọ̀ pé àjà púpọ̀ ló wà ní ìlú yìí tí nǹkan wà nínú rẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ogun wà nínú èyí tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú, òfin náà sì dárúkọ ìwọ̀n ihò wọn: mílímítà 7.62, mílímítà 9, ìdá 300 àti ìdá 303 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá ló ń wò. Ìbọn ọdẹ òyìnbó wà ní ọ̀nà kejì, ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń kì láti ẹnu wà ní ọ̀nà kẹta. Méjèèjì yìí, ìwé àṣẹ la fi ń ní wọn. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù kan pé bí wọ́n bá gbẹ́ ihò ìbọn ogun kó fẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin dárúkọ lọ, kì í ṣe ìbọn ogun mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́. Ìbọn tí kò níwèé kò níwèé, bí ihò rẹ̀ ì bá tó ẹnu kòkò.

Nígbà tí ọwọ́ ọ̀rẹ́ wa ń jinná, ẹgbẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Kò rọrùn. Àwọn kan ní kí a má tún gbọ́ ohun tó ń jẹ́ ìbọn mọ́ láéláé nínú ẹgbẹ́. Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ wá lára. Ó ní, "Bí gbogbo ìdílé bá ju ìbọn àwọn bàbá wọn nù nítorí ìbẹ̀rù, kí la ó fi han àwọn ọmọ wa pé a jagun rí?" Òótọ́ wà lọ́rọ̀ rẹ̀. Ohun tí bàbá ẹni fi sílẹ̀ kì í ṣe pàǹtírí. Ẹni tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀rẹ́ wa fúnra rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì sókè, ó ní, "Bàbá alágbẹ̀dẹ ti sọ ọ́ fún wa. Ó ní ká gbé e kọ́ sára ògiri. Ká ní a gbé e kọ́ ni, bàbá àgbà mi ì bá ṣì wà nílé."

Ibi tí a fẹnu kò sí nìyí, a sì ń kà á síta kí gbogbo ìlú lè bá wa ṣọ́ ọ. Ìkíní, ẹgbẹ́ yìí kò ní yin ìbọn ní orúkọ ara rẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe ní Ojúde Ọba, ìbáà ṣe níbi òkú àgbà tàbí ìkómọ. Bí a bá fẹ́ ìró ìbọn, a ó pe àwọn ọdẹ tó níwèé, tó mọ̀ ọ́n ṣe, a ó sì san owó iṣẹ́ wọn. Ìkejì, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní ìbọn àtijọ́ nílé, kó jẹ́ kí a mọ̀, kí a lè bá a dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ láti wá ọ̀nà tí òfin fọwọ́ sí. Kó má tà á fún ẹnikẹ́ni, kó má gbé e fún alágbẹ̀dẹ, kó má sì fi ẹ̀tù sí i láti fi dán an wò. Ìkẹta, a ya owó kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ tí ìjàǹbá bá dé bá. Ọ̀rẹ́ wa ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, àwa sì ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òun ni yóò jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Ìkẹrin, a lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá alágbẹ̀dẹ. Bàbá ní kí a dìde, pé òun náà mọ̀ pé kò yẹ kí òun gbowó wa. Ẹkún gbọ̀n wá lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀gbà wa, ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irun orí wa dúdú, ẹ wo orí ara wa báyìí. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe ti ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún: aṣọ ń pọ̀ sí i, àlejò ń pọ̀ sí i, ariwo wa ń lọ sókè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a máa wo ara irin náà. Owó oṣooṣù tí a ń dá ńkọ́? Ìbẹ̀wò tí a ń bẹ ara wa wò ńkọ́? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín wa, ta ló mọ̀ pé kò wá sí ìpàdé mọ́ nítorí owó aṣọ? Ìpọn ara ẹgbẹ́ nìyẹn. Bí a bá ń gbẹ́ inú rẹ̀ kí ohùn wa lè dún, ọjọ́ kan á là mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí a tó jókòó, ẹ wo aṣọ tó wà lọ́rùn wa lónìí. Ẹ ti ń yìn ín láti àárọ̀. Ọ̀rẹ́ wa tí a ń sọ nípa rẹ̀ ló gé gbogbo rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìka mẹ́jọ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló bá a jókòó sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí a ní kí a gbé aṣọ ọdún kẹwàá fún télọ̀ mìíràn kó lè sinmi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Bí mi ò bá gé e, ta ni yóò mọ ìwọ̀n yín?"

Ó mọ ìwọ̀n wa lóòótọ́. Kí Olúwa máa fi ìlera kún ìlera rẹ̀, kí ó bá wa dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kí ọdún tó ń bọ̀ bá wa láyọ̀ nínú ilé ayọ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, a kò ní fi ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ìdánwò mọ́. Ire o.